Bí o bá fẹ́ kó lọ sí ìlú ẹni tó o fẹ́: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń gbéra

Ẹni méjì ló ń ṣègbéyàwó, ẹnì kan ló ń kó ẹrù. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le nìyẹn, àwọn tọkọtaya tí ìlú wọn yàtọ̀ síra kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Ẹni tó dúró sílé ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, èdè tó gbọ́ dàgbà ló ṣì ń sọ, bí nǹkan bá sì sú u, ó ní ẹ̀gbọ́n tó lè pè. Ẹni tó kó wá ti fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó bá ti débẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni owó, ìwé, èdè àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ wà. Bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó, irú ìgbáralé bẹ́ẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀, bí ìjà náà bá sì dé, ọ̀rọ̀ abọ́ tí wọn ò fọ̀ ni wọ́n á máa sọ.

Ibi kan ṣoṣo ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dorí kọ: kí ẹni tó ń kó lọ tètè lè dá dúró níbi tó ń lọ. Bó bá jẹ́ ìwọ lò ń dúró de ọkọ tàbí ìyàwó, kà á pẹ̀lú, torí ìdajì iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ.

Kọ́kọ́ lọ gbébẹ̀ fúngbà díẹ̀

Bó o bá ti débẹ̀ rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àsìkò ìsinmi lo lọ. Kò sí ìlú tí kì í dùn lásìkò ìsinmi. Tún lọ, kó o sì lọ nígbà tí ojú ọjọ́ ibẹ̀ burú jù, kí àfẹ́sọ́nà rẹ má sì gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí rẹ. Kó jí, kó lọ síbi iṣẹ́, kó o wà nílé nìwọ nìkan. Jáde lọ ra nǹkan fúnra rẹ. Wọ ọkọ̀ èrò, kó o ṣìnà díẹ̀. Wá ibi tí ilé ìwòsàn wà, kó o béèrè iye tí àjèjì ń san níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì irú èyí á kọ́ ẹ lọ́gbọ́n ju ọdún kan lórí fóònù lọ.

Ohun tó o tìtorí ẹ̀ lọ gan-an ni pé kó o rí àfẹ́sọ́nà rẹ láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ìwà èèyàn máa ń yàtọ̀ bó bá ń sọ èdè abínibí rẹ̀: ẹni jẹ́jẹ́ lè di aláwàdà, ẹni tó máa ń fara balẹ̀ gbọ́ tìẹ sì lè di ẹni tó ń pàṣẹ. Jókòó ti ìdílé rẹ̀ lódindi ọjọ́ kan. Wọ́n á sọ ìtàn gígùn kan, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, wàá wá yíjú sí i pé kí ni wọ́n sọ. Àfẹ́sọ́nà kan á dá ẹ lóhùn pé, "Kò sí nǹkan, wọ́n kàn ń ṣàwàdà ni." Ẹlòmíì á ní kí wọ́n dúró ná, á sì tún ìtàn náà sọ fún ẹ látìbẹ̀rẹ̀, kódà bí adùn ẹ̀ bá ti lọ. Ẹni kejì yẹn ni kó o kó lọ bá. Mi ò mọ ìdánwò mìíràn tó tó èyí.

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó nira, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Àwọn tọkọtaya tí wọ́n jọ ti inú àṣà kan wá pàápàá kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tán kí wọ́n tó fẹ́ra. Àmọ́ bí wọn ò bá tiẹ̀ sọ ọ́, ohun kan náà ni wọ́n jọ gbà pé ó bójú mu. Ẹ̀yin ò ní ìyẹn, ẹnu lẹ máa fi ṣe é.

Ta ló ń fowó ránṣẹ́ sílé, ta ló ń fi ránṣẹ́ sí, mélòó sì ni lóṣù? Bí òbí bá darúgbó, ṣé á wá gbé lọ́dọ̀ yín ni, àbí ẹnì kan á máa lọ tọ́jú rẹ̀? Bí àna bá wá kí yín láti òkèèrè, ṣé ọ̀sẹ̀ méjì ló máa lò àbí oṣù mẹ́fà? Ẹ̀sìn wo làwọn ọmọ á ṣe, orúkọ ta ni wọ́n á sì jẹ́? Ta ló ń dáná bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ta ló sì ń dáná ní oṣù tí ẹni tó kó wá kò tíì ríṣẹ́? Bí ọ̀kan nínú yín bá kú, ibo lẹ ó sin ín sí? Ọ̀pọ̀ máa ń fo ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí, àmọ́ ẹni tó bá ti rí ìdílé méjì tí wọ́n ń fa òkú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti orílẹ̀-èdè méjì á béèrè rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tó ju gbogbo wọn lọ: bí ibẹ̀ ò bá bá mi lára mu ńkọ́? Ẹ dá ọjọ́ sí i. Ẹ lè fẹnu kò pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ẹ ó jókòó, pé ẹni tó kó wá ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àti pé ẹ lè torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó padà tàbí kẹ́ ẹ kó lọ sí ìlú kẹta. Adájọ́ kankan ò ní fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ dájọ́. Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á bi òun léèrè máa ń fara da ìnira ju ẹni tó rò pé wọ́n ti gbàgbé òun.

Mọ ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wá bá ọkọ tàbí aya rẹ̀. Amẹ́ríkà ní físà kan fún àfẹ́sọ́nà, K-1 ni wọ́n ń pè é. Bó o bá fi wọlé, o gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹni tó pè ẹ́ wá láàárín ọjọ́ 90, o ò sì lè yí i sí orúkọ ẹlòmíì. Bẹ́ ẹ bá ti ṣègbéyàwó tẹ́lẹ̀, físà ọkọ tàbí aya ni tiyín, ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tó ń wọlé ni wọ́n ń wò: £18,600 lọ́dún ni wọ́n ń béèrè láti ọdún 2012, wọ́n wá sọ ọ́ di £29,000 lóṣù April 2024. Jámánì fẹ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń bọ̀ ti ṣe ìdánwò èdè ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní A1, kí wọ́n tó gbéra. Láti ọdún 2006 ni Netherlands ti ń ṣe ìdánwò èdè àti ìmọ̀ nípa ìlú fún ẹni tó ń bọ̀ nígbà tó ṣì wà lórílẹ̀-èdè tiẹ̀. Ní Denmark, òfin ọdún 2002 ní kí tọkọtaya méjèèjì ti pé ọmọ ọdún 24.

O rí i pé nínú ọ̀kan lára àwọn ìlú yìí owó ni, nínú òmíràn èdè ni, nínú òmíràn ọjọ́ orí. Torí ẹ̀ ni kó o fi ka ohun tó wà lórí ìkànnì ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ, kó o sì tún un kà lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ẹni tó lọ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn kì í purọ́ fún ẹ, òfin ìgbà tiẹ̀ ló ń sọ.

Má fiṣẹ́ sílẹ̀, má ta ilé, má sanwó gbọ̀ngàn tí wọn ò ní dá padà, títí físà á fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kí ìgbéyàwó yín sì wà nínú ìwé ìjọba. Ayẹyẹ ẹ̀sìn tàbí ti ìdílé nìkan, láìforúkọ sílẹ̀, kì í tẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ físà lọ́rùn, bó ti wù kí èrò tó wá jẹun níbẹ̀ pọ̀ tó.

Wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lẹ fẹ́ra. Tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, fọ́tò tí àwọn ará ilé wà nínú ẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bára yín sọ lórí WhatsApp, kódà ibi tẹ́ ẹ ti jà. Wọ́n lè bi yín léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kí lorúkọ àwọn àbúrò ẹnì kejì, ẹ̀gbẹ́ wo ló máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Má há ìdáhùn sórí. Bẹ́ ẹ bá sì gbàgbé nǹkan, ẹ sọ pé ẹ gbàgbé. Irọ́ kékeré tó wọ inú fọ́ọ̀mù lónìí ni wọ́n lè torí ẹ̀ gba ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ èèyàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìwé, òǹtẹ̀ àti ìtumọ̀

Iṣẹ́ yìí kò ládùn, àmọ́ òun ló ń dá èèyàn dúró jù. Kó ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí jọ, ìwé pé o ò tíì ní ọkọ tàbí aya, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìwé ikú bó o bá ti ṣègbéyàwó rí, ìwé ọlọ́pàá, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú máàkì, ìwé látọ̀dọ̀ àwọn tó gbà ẹ́ síṣẹ́ rí, àti láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, kó o wo orúkọ rẹ lẹ́tà lẹ́tà. Bí ìwé kan bá fi "h" kún orúkọ rẹ, tí òmíràn yọ ọ́, tàbí tí ọjọ́ ìbí wọn kò bá dọ́gba, ìlú tí wọ́n ti ṣe é ni kó o ti tún un ṣe. Ohun tí wọ́n á fi ìbúra kan tún ṣe lọ́sẹ̀ kan nílé lè gba oṣù mẹ́jọ bó o bá ti dé òkèèrè.

Lẹ́yìn náà ni òǹtẹ̀. Àdéhùn Hague ti ọdún 1961 fòpin sí kí wọ́n máa gbé ìwé láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú ẹ̀: òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní apostille ti tó. Ṣáínà wọ inú àdéhùn náà ní November 2023, Kánádà ní January 2024. Bí ìlú tìẹ tàbí ìlú ẹnì kejì kò bá sí nínú ẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ lo máa gbà: ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè á lu òǹtẹ̀, ẹ́ḿbásì á wá lu tiẹ̀ lé e. Ní ti ìtumọ̀, béèrè kó o tó sanwó. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í gbà á àfi bó bá jẹ́ ògbufọ̀ tó ti búra níwájú kóòtù tiwọn ló túmọ̀ ẹ̀.

Ohun tó máa ń bá èèyàn lójijì ni pé ìwé máa ń gbó. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lè wà títí, àmọ́ ìwé pé o ò ní ọkọ tàbí aya àti ìwé ọlọ́pàá kì í ju oṣù mélòó kan lọ lójú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Nítorí náà, èyí tó ń tètè gbó ni kó o gbà kẹ́yìn. Ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, fi ẹ̀dà kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún ẹnì kan tó o fọkàn tán nílé ní ẹ̀dà kejì. Páásípọ́ọ̀tù rẹ, ọwọ́ ara rẹ ni kó máa wà.

Owó àti ohun ìní: ẹ sọ ọ́ nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin ibi tí wọ́n ti ṣègbéyàwó ló máa pín ohun ìní wọn bí nǹkan bá dàrú. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè European Union tó jọ fọwọ́ sí i, tọkọtaya tó bá ṣègbéyàwó láti January 29, 2019, bí wọn ò bá yan òfin kankan, òfin ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ jọ gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó ló wà lórí ohun ìní wọn. Ìyẹn ni pé bó o ṣe kó lọ yẹn, o ti yan òfin láìmọ̀.

Òfin náà sì yàtọ̀ síra gan-an. Ní Faransé, ohun tẹ́ ẹ bá rí lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín, bẹ́ ẹ ò bá ṣe ìwé àdéhùn mìíràn. Ní Jámánì, kálukú ló ni tiẹ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ bá pínyà, wọ́n á wo ẹni tí ohun ìní rẹ̀ pọ̀ sí i jù, á sì san ìdajì ìyàtọ̀ náà fún ẹnì kejì. Ní Netherlands, gbogbo ohun tí tọkọtaya ní ni wọ́n máa ń dà pọ̀ tẹ́lẹ̀, títí kan gbèsè tí ọ̀kan gbé wọlé. Láti January 1, 2018, kìkì ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni, ogún tí ẹnì kan jẹ sì di tiẹ̀ nìkan.

Wá lọ́yà kan lọ, kó má sì jẹ́ lọ́yà ìdílé ẹnì kejì. Bí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn kalẹ̀ fún ẹ lédè tó o kò gbọ́, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó, má fọwọ́ sí i. Ẹni tó ní ohun rere lọ́kàn kì í kánjú báyẹn.

Ti Amẹ́ríkà tún ní ọ̀nà tiẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ń gba owó orí lọ́wọ́ ọmọ onílùú àti ẹni tó ní green card, ìyẹn ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, lórí owó tí wọ́n rí níbikíbi láyé, wọ́n sì ní láti máa sọ fún un lọ́dọọdún bí owó tí wọ́n ní sí báǹkì ilẹ̀ òkèèrè lápapọ̀ bá ju $10,000 lọ nígbàkigbà láàárín ọdún. Owó tó o ní sí báǹkì nílé kó o tó lọ wà lára ẹ̀.

Ní àkáǹtì tìẹ níbi tó ò ń lọ, lórúkọ tìẹ, yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ jọ ní. Fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà àti owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta síbẹ̀, kó o má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ mọ̀ pé ó wà. Bí owó yẹn bá bí i nínú, ó ti sọ ohun kan fún ẹ tó yẹ kó o mọ̀.

Ìwé ìgbélùú, àti ọjọ́ tó ń gbẹ̀mí ẹ̀

Láyé àtijọ́, ìgbéyàwó nìkan lè yí ìlú obìnrin padà. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1907 gba ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ obìnrin ibẹ̀ tó bá fẹ́ àjèjì, ọdún 1922 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ní ọdún 1957, àdéhùn kan lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ìgbéyàwó kò gbọ́dọ̀ dédé yí ìlú obìnrin padà. Lónìí, ìgbéyàwó kì í sọ ẹ́ di ọmọ onílùú lọ́jọ́ kan. Ìwé ìgbélùú ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ẹ, ó sì ní ọjọ́ tó máa tán.

Ìgbéyàwó rẹ ni wọ́n fi ń gbé ìwé yìí ró níbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ ló fi yẹ kó o mọ ọjọ́ tó máa di tìẹ. Ní Amẹ́ríkà, bí ìgbéyàwó yín kò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí wọ́n fún ẹ ní green card, ti ọdún méjì ni wọ́n máa fún ẹ. Láàárín ọjọ́ 90 tó ṣáájú ọjọ́ tó máa tán lẹ̀ ń jọ kọ̀wé pé kí wọ́n mú gbèdéke ọdún méjì náà kúrò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá gba físà aya tàbí ọkọ láti òkèèrè máa ń rí oṣù 33, á tún un ṣe fún oṣù 30, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ló sì ń tọrọ ti títí láé. Ní Jámánì, bẹ́ ẹ bá ti jọ gbé níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya fún ọdún mẹ́ta, o lè ní ẹ̀tọ́ láti dúró kódà bẹ́ ẹ bá pínyà. Fi ọjọ́ wọ̀nyí sórí fóònù tìẹ, má fi í sílẹ̀ fún ẹnì kejì láti máa rántí fún ẹ.

Bó o bá wá fẹ́ di ọmọ onílùú, kọ́kọ́ wò ó bóyá ìlú méjèèjì gbà kéèyàn ní ìwé méjì. Íńdíà kò gbà á. Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á fún gbogbo èèyàn láti June 27, 2024.

Èdè

Bẹ̀rẹ̀ nílé, kó o tó lọ, kódà bó bá jẹ́ wákàtí kan lójúmọ́. Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, èdè ló ń la ojú náà. Ìwọ̀n tó yẹ kó o fi máa wọn ara rẹ ni tẹlifóònù: ọjọ́ tó o bá lè pe ọ́fíìsì kan, tí wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orin, tí ẹnì kan gbé e tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, tó o sì rí ohun tó o fẹ́ gbà, ọjọ́ yẹn lo dá dúró.

Èdè tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ dà bí ipa ẹsẹ̀ nínú igbó: bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó ṣòro láti gba ibòmíì. Àwọn tọkọtaya wà tí wọ́n ti jọ gbé fún ogún ọdún, tí ẹni tó kó wá gbọ́ èdè ìlú dáadáa lóde, síbẹ̀ tí wọn ò lè sọ ọ́ síra wọn nínú yàrá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ tètè ṣe é. Ẹ mú ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, tàbí àkókò oúnjẹ alẹ́. Ẹni tó ni èdè náà kò sì gbọ́dọ̀ máa tún gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe. Kó dúró dìgbà tí wọ́n bá bi í.

Ní ilé ìwòsàn, níwájú lọ́yà tàbí ọlọ́pàá, kí ẹnì kejì rẹ má ṣe ògbufọ̀ fún ẹ. Béèrè fún ògbufọ̀ tiwọn. Èèyàn máa ń ní ohun tó fẹ́ bi dókítà tí kò fẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó òun gbọ́.

Fún àwọn ọmọ, ohun tó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ni pé kí òbí kọ̀ọ̀kan máa bá ọmọ sọ èdè tirẹ̀. Jules Ronjat, onímọ̀ èdè tó jẹ́ ará Faransé, tí ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ará Jámánì, ṣe é fún ọmọ rẹ̀ Louis, ó sì tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1913: ọmọ náà gbọ́ èdè méjèèjì. Ó gba kéèyàn ní ìforítì, pàápàá nígbà tọ́mọ bá bẹ̀rẹ̀ iléèwé tó sì ń fi èdè ìta dá ẹ lóhùn.

Iṣẹ́ rẹ

Bó o bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, dókítà, olùkọ́, lọ́yà tàbí òṣìṣẹ́ iná mànàmáná, ìwé ẹ̀rí rẹ lè má jẹ́ nǹkan kan níbẹ̀ títí ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀wé sí wọn ọdún kan kó o tó lọ. Ní Yúróòpù, àwọn ọ́fíìsì ENIC-NARIC ló ń wo bí ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè ṣe bá tiwọn mu. Béèrè pẹ̀lú bóyá físà rẹ gbà kó o ṣiṣẹ́ látọjọ́ tó o bá dé; ẹni tó fi K-1 wọ Amẹ́ríkà ní láti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ná. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ náà ní gbèdéke: oṣù mẹ́fà ni ti ọ̀pọ̀ ìlú òkèèrè ń ṣiṣẹ́ mọ ní Jámánì, oṣù 12 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, forúkọ sílẹ̀ níbi tó bá yẹ. Jámánì fúnni ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí èèyàn bá wọlé. Wá dókítà, gba síìmù, ṣí àkáǹtì, kí bíìlì kan ó kéré tán sì máa wá lórúkọ rẹ. Bíìlì yẹn kéré lójú, àmọ́ òun ni wàá fi máa ṣe ẹ̀rí ibi tó ò ń gbé fún gbogbo nǹkan mìíràn.

Lọ́dún 1954, Kalervo Oberg, onímọ̀ nípa àṣà àwọn èèyàn, ọmọ Kánádà tí àwọn òbí rẹ̀ ti Finland wá, bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan sọ̀rọ̀ ní Rio de Janeiro nípa ohun tó ń ṣe ẹni tó kó lọ sílùú àjèjì. Ó ní níbẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan á máa dùn mọ́ni, lẹ́yìn náà inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bíni sí ìlú náà àtàwọn tó wà níbẹ̀, kí ara tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mọlé. Inú bíbí yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ dè. Kì í sì í bẹ́ jáde lórí ohun ńlá. Ẹni tó ti fara da ìdánwò èdè, físà àti òtútù lè dúró níwájú káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́, kó má rántí ohun tí wọ́n ń pe àpò ìwé, kí akọ̀wé yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó wá délé kó sunkún títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ẹnì kejì bá ní, "Torí àpò ìwé?", ó ti ba nǹkan jẹ́. Kó fi omi gbígbóná sórí iná, kó jókòó, kó gbọ́.

Wá ohun kan tó jẹ́ tìẹ nìkan lóde: kíláàsì, ẹgbẹ́ akọrin, pápá eré, ilé ìjọsìn. Àwọn ará ìlú rẹ tó wà níbẹ̀ dáa, tètè wá wọn, àmọ́ kó máà jẹ́ àwọn nìkan.

Àwọn àna

Kó o tó lọ kí wọn, ní kí ẹnì kejì rẹ sọ fún ẹ: báwo ni wọ́n ń kí àgbà, kí ni wàá máa pe ìyá rẹ̀, ṣé wọ́n máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé àbùkù ni kéèyàn kọ oúnjẹ. Ẹni tó dàgbà síbẹ̀ kì í mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ nǹkan wọ̀nyí, ìbéèrè tìẹ ló máa yọ ọ́. Bí aáwọ̀ bá dé, kálukú ni kó bá àwọn èèyàn tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má máa wọlé láìkanlẹ̀kùn, kó sì tán síbẹ̀. Bó bá jẹ́ àjèjì tó fẹ́ ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́, wọ́n á rántí ẹ̀ dọdún mẹ́wàá.

Bí nǹkan bá burú

Bí ẹnì kejì rẹ bá gba páásípọ́ọ̀tù rẹ, bó ń ka ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù rẹ, bí kò jẹ́ kó o lọ kíláàsì èdè, tàbí tó ń sọ pé "màá ní kí wọ́n dá ẹ padà", mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìyàtọ̀ àṣà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọkọ tàbí aya kọ́ ló ń lé èèyàn kúrò nílùú, ìjọba ni. Láti ọdún 1994, òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní VAWA ti jẹ́ kí ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí tó ní green card ń fìyà jẹ lè kọ̀wé fúnra rẹ̀ láti tọrọ ìwé ìgbélùú, láìjẹ́ kẹ́ni náà mọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀nà tí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ìgbéyàwó fi lè tọrọ àtidúró níbẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, Jámánì sì lè fojú fo ọdún mẹ́ta yẹn bí ìyà náà bá pọ̀.

Ti ọmọ yàtọ̀, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Má gbé ọmọ kúrò nílùú láìgba àṣẹ òbí kejì, kódà bó o bá jẹ́ ìyá, kódà bó bá jẹ́ ilé rẹ lò ń lọ. Àdéhùn Hague mìíràn, ti ọdún 1980, ní kí wọ́n dá ọmọ tí wọ́n bá gbé lọ báyẹn padà sí ìlú tó ti ń gbé, pàápàá bí òbí kejì bá pẹjọ́ kí ọdún kan tó pé. Ìgbà mìíràn wọ́n á kà á sí ìjínigbé. Japan wọ inú àdéhùn náà lọ́dún 2014. Íńdíà kò sí níbẹ̀. Gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fọwọ́ sí fún gbogbo ìrìn àjò, kódà nígbà tí ilé tòrò, tàbí kó o lọ bá kóòtù ibẹ̀ kó o tó gbéra.

Ìpè láti ilé

Lọ́jọ́ kan wọ́n á pè ẹ́ pé ara òbí rẹ kò yá. Kó tó dọjọ́ náà, mọ iye àkókò tí ìwé ìgbélùú rẹ gbà kó o fi wà níta. Ní Jámánì, ó sábà máa ń kú bó o bá lò ju oṣù mẹ́fà lọ. Green card lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ju ọdún kan lọ láìgba ìwé àṣẹ ìpadà kó tó lọ. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jẹ́ ti títí láé, máa ń lọ lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹni tó fi K-1 wọ Amẹ́ríkà, tí green card rẹ̀ kò tíì jáde, tó bá kúrò nílùú láìgba ìwé tí wọ́n ń pè ní advance parole, wọ́n á kà á sí pé ó ti fi ohun tó ń tọrọ sílẹ̀. Tètè tún páásípọ́ọ̀tù ṣe, má jẹ́ kó kù dín ní oṣù mẹ́fà kó tó tán. Kí owó tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú àkáǹtì tìẹ, kí nọ́ńbà lọ́yà wà lórí fóònù, kí ẹnì kejì rẹ sì ti béèrè níbi iṣẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n lè fún un láyè láti bá ẹ lọ.